Láti Mọ́níyà Dé Orí Omi

Ká tó bẹ̀rẹ̀, àdéhùn kan wà. Àwa méjèèjì la jọ ń kọ ìtàn yìí, lórí fóònù kan, lórí àga kan, nínú ilé wa ní Mọ́níyà. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kan ẹnì kan ṣoṣo, "ọ̀kan nínú wa" la máa pè é. A ò ní sọ bóyá ọkọ ni tàbí ìyàwó. Àwọn tó mọ̀ wá á ti mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ wá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Yorùbá ti bá wa ṣe é: "ó" là ń pe ọkùnrin, "ó" náà là ń pe obìnrin.

Fẹ́nísì là ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín yín tán ná. Ọdún mẹ́rin la ti ṣe ìgbéyàwó, a ò sì tíì rìnrìn àjò ìsinmi kankan rí. Ìrìn àjò òkú, a lọ. Ìrìn àjò ìkómọ, a lọ. Owó tó yẹ ká fi sinmi lẹ́yìn ìgbéyàwó, owó ilé la fi san. Nígbà tó yá la bẹ̀rẹ̀ èsúsú ẹlẹ́ni méjì, ọ̀kan nínú wa ń mú nínú owó oṣù tíṣà, ìkejì nínú owó tó ń rí nídìí fóònù títúnṣe. Ní gbogbo àkókò yẹn, fídíò Fẹ́nísì là ń wò títí dátà fi ń tán. Ọkọ̀ dúdú tẹ́ẹ́rẹ́, ilé aláràbarà tó ti inú omi yọrí, afárá òkúta lọ́tùn-ún lósì. Ìlú tí kò sí dánfó, tí kò sí Márúwá, tí ẹnì kankan ò ní fun fèrè mọ́ ọ létí. Ẹni tó bá ń gbé ẹ̀gbẹ́ títì Ọ̀yọ́ ní Mọ́níyà, tí tírélà ń gba iwájú ilé ẹ̀ kọjá tọ̀sán-tòru, á mọ ìdí tí irú ìlú bẹ́ẹ̀ fi wọ̀ wá lójú.

A kó ìwé jọ. Ìwé báǹkì, ìwé ibiṣẹ́, ìwé ìgbéyàwó, fọ́tò tí èèyàn ò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín nínú ẹ̀. A san owó tí wọn kì í dá padà. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, èsì dé: rárá. Ìdí tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò dá àwọn lójú pé a máa padà sílé tí ìsinmi wa bá parí. Ọ̀kan nínú wa jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, kò sọ nǹkan kan. Ìkejì ń bú wọn láti yàrá dé ilé ìdáná. Ta ló sọ fún wọn pé a ò ní padà? Kí la fẹ́ jókòó ṣe nílùú wọn? Ṣé wọ́n rò pé gbogbo ẹni tó bá ti mú páàsìpọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé lọ́wọ́ ló fẹ́ sá ni?

Ẹ fi ìbínú yẹn sọ́kàn. A máa padà sórí ẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà la rí Ganvié lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìlú kan ni, lórí adágún Nokoué, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin. "Fẹ́nísì ilẹ̀ Áfíríkà" ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn bí wa nínú díẹ̀. Kí ló dé tí nǹkan tiwa ò lè dá dúró kí wọ́n má fi tẹlòmíràn júwe ẹ̀? Òkè méje ni wọ́n ní Róòmù jókòó lé, òkè méje náà ni wọ́n ń sọ pé Ìbàdàn jókòó lé, a ò sì gbọ́ kí ẹnì kan pe Róòmù ní Ìbàdàn ilẹ̀ Yúróòpù rí. Ṣùgbọ́n ìlú náà wù wá. Àti pé kò gba físà. Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS ti fọwọ́ sí i pé ọmọ ìlú kan lè wọ ìlú kejì fún àádọ́rùn-ún ọjọ́ láìgba físà. Páàsìpọ́ọ̀tù wa tó padà wálé lọ́wọ́ òfo yẹn náà, iṣẹ́ ṣì wà fún un.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Kérésì la gbéra. Ọyẹ́ ti ń mú, ètè ti ń ya.

Ẹ̀yin ará Bódìjà àti Ring Road tí ẹ máa ń fi Mọ́níyà ṣe yẹ̀yẹ́ pé oko ni, tí ẹ máa ń bi wá bóyá àwa náà ń rí iná NẸ́PÀ, ọ̀dọ̀ wa lẹ ti ń wá wọ rélùwéè báyìí. Ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin tuntun láti Mọ́níyà lọ sí Èkó, kìlómítà 157. Orúkọ Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi sọ ibùdókọ̀ tiwa. Àwa ń fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti Challenge á ti jí láàárín òru. Ìyẹn nìkan ti tó ká máa gbéra ga fún ọdún mẹ́wàá.

A wọ ọkọ̀ àárọ̀. Ó kọjá Omi-Àdíò, ó dé Abẹ́òkúta, a ya fọ́tò lójú fèrèsé bíi gbogbo èèyàn. A ò mọ̀ nígbà yẹn pé Abẹ́òkúta wà nínú ìtàn tí à ń lọ gbọ́.

Èkó la sùn sí, lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan ní Yábàá. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mú wa dé etí omi ní Mákòko. Ẹ ti rí Mákòko nínú fíìmù, ẹ ti rí i láti orí Third Mainland Bridge: ilé onípákó lórí òpó, èéfín ẹja yíyan, ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yọ́ gba àárín wọn. Àwọn Ẹ̀gùn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ẹbí àwọn tí à ń lọ bá ní Benin. Ibẹ̀ ni Kúnlé Adéyẹmí, ọ̀gá ayàwòrán ilé, ti kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alágbèékà kan tó ń léfòó lórí àwọn dúrọ́ọ̀mù oníke, lọ́dún 2013. Gbogbo ayé ló ń ya fọ́tò ẹ̀. Ní 2016, ó kọ́ irú ẹ̀ kejì, ó gbé e lọ síbi àfihàn iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ilé ní Fẹ́nísì, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Fàdákà. Ní oṣù Kẹfà ọdún yẹn kan náà, òjò ńlá rọ̀, ti Mákòko wó lulẹ̀. Ọpẹ́ ni pé kò sí ọmọ kankan nínú ẹ̀. A dúró síbẹ̀, a ń wo omi. Ọ̀kan nínú wa ní, "Kódà ilé ẹ̀kọ́ Mákòko rí ọ̀nà dé Fẹ́nísì, àwa ò dé bẹ̀." A rẹ́rìn-ín débi pé ẹ̀gbọ́n ń bi wá kí ló ṣẹlẹ̀.

Níbẹ̀ náà la ti rí i pé wàhálà wà níwájú. Pákó kan ni wọ́n fi ṣe afárá láti orí ilẹ̀ dé iwájú ilé àkọ́kọ́, kò gùn ju ìgbésẹ̀ mẹ́fà lọ. Ọ̀kan nínú wa kọ̀ ọ́, kò gùn ún. Àwọn ọmọdé ń sáré lórí ẹ̀, wọ́n ń wò ó pé kí ló ṣe èyí.

Ohun tó ṣe é ni ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn lọ́dún yẹn ò ní gbàgbé. Òjò bẹ̀rẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò dá. Omi kún odò, ó kún títì, ó wọlé. Àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tí à ń sọ yìí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Àpẹ́tẹ́ ni wọ́n ń gbé. Orí àjà ni wọ́n sùn mọ́jú, ìyá, àbúrò méjì, àti adìẹ kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ bó ṣe débẹ̀. Ní àárọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ẹ̀ ti lọ, ògiri ẹ̀yìn ilé ti lọ. Láti ọjọ́ yẹn, tí òjò bá ti ń rọ̀ lóru, ó máa ń jí, á lọ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pálọ̀ wò bóyá ó tutù. Ọdún mẹ́rin la ti jọ ń sùn. Ìkejì ti mọ ìró ẹsẹ̀ yẹn. Òun náà ló ní kí a lọ sí ìlú orí omi o. Ẹ má bi wá, ọmọ aráyé ò ṣe é tú.

Ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kò ní kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́ tuntun kankan. Ibì kan dán bíi dígí, ibì kan rí bí ẹ̀yìn ìjàpá. A ṣẹ́ náírà sí owó sẹ́fà ní bọ́dà Sẹ̀mẹ̀, ojú ro wá nígbà tí a rí bí owó wa ṣe sún kì. Ní òdì kejì, ọ̀nà tẹ́jú, àwọn ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémídjan, wọ aṣọ àwọ̀ kan náà bí ọmọ ilé ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì sì ni kpayo wà nínú ìgò àti gálọ́ọ̀nù, ìyẹn epo bẹntiróòlù tí wọ́n ń kó sọdá láti ọ̀dọ̀ wa. A rìnrìn àjò dé òkè òkun wa, epo ilé la bá níbẹ̀.

Kútọnu. Nínú èdè Fọ̀n, kú ni ikú, tọ ni odò, nu ni ẹnu. Ẹnu odò ikú. Dírẹ́bà ló sọ ọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń bẹ̀rù omi nínú wa kò rẹ́rìn-ín. Ìlú náà dára ju orúkọ ẹ̀ lọ. Omi ló là á sí méjì: àwọn Faransé ló gbẹ́ ojú ọ̀nà kan lọ́dún 1885 láti so adágún mọ́ òkun, láti ìgbà náà ni omi iyọ̀ ti ń wọ inú omi dídùn. Ọjà Dantokpa jókòó sétí omi yẹn. A rìn nínú ẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro wá, à ń gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ìyá aláṣọ bí ẹni wà ní Dùgbẹ̀, a ra ánkárá ọ̀pá mẹ́fà tí a ò nílò.

Ilé ìtura kékeré la wọ̀ sí. Iná ò lọ rárá. À ń yọ̀ lórí ìyẹn lọ́wọ́, ọ̀kan nínú wa wọ balùwẹ̀ lọ wẹ̀, ìkejì gbé fóònù ẹ̀ láti kó fọ́tò ọjọ́ náà sórí tiẹ̀. Ímeèlì kan wọlé. Ìlà àkọ́kọ́ ló hàn: a bá ọ yọ̀. Yunifásítì kan ní Kánádà ni. Ọdún méjì, oṣù Kẹsàn-án ló máa bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀.

Ẹni tó ń bẹ̀rù omi ló fẹ́ sọdá òkun.

Ògiri ilé ìtura yẹn kò nípọn, torí náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ la fi jà. Ẹ ò tíì rí ìjà tó ń rẹni bí èyí tí èèyàn ò lè gbóhùn sókè nínú ẹ̀.

"Ìgbà wo lo fẹ́ sọ fún mi?"

"Mi ò tíì lọ síbì kankan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á gbà mí ni."

"Èmi tí mò ń pariwo kiri ilé pé ta ló sọ fún wọn pé a ò ní padà! Wọ́n kà ọ́ nínú ìwé, wọ́n mọ̀ ọ́ jù mí lọ."

Ìyẹn ló dùn wá jù, àwa méjèèjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló gbà dùn wá. Ẹni tó wà lẹ́yìn tábìlì níbi tí wọ́n ti ń fúnni ní físà, tí kò rí wa rí, ló fura sí nǹkan tí ẹni tó ń bá a sùn kò fura sí. Ìkejì ní òun kò pa irọ́. Fẹ́nísì kọ́, ó ní òun máa padà láti Fẹ́nísì. Kánádà nìkan ni kò dá òun lójú. A dákẹ́. A sùn, ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn, lábẹ́ fáànù tó ń yí láìdá. A ti bá fáànù yọ̀ lálẹ́ náà, ó kù ká bá a jí.

Kí a sọ òtítọ́, a fẹ́ padà sílé ní àárọ̀. Owó tí a ti san sílẹ̀ ni kò jẹ́. Ni a bá wọ mọ́tò lọ sí Abomey-Calavi, níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ganvié.

A rò pé ẹlẹ́rù á sọ pé òun ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń bínú, ẹsẹ̀ ẹ̀ kì í bẹ̀rù bíi tàtẹ̀yìnwá. Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, èyí tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, ó so ó títí kò fi lè mí dáadáa, ó sì jókòó sí àárín ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́ ibẹ̀. Ìkejì jókòó síwájú, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ la mú, torí pé ti ẹlẹ́ńjìnnì wọ́n. Atukọ̀ wa á ti jẹ́ ọmọ ogójì ọdún. Ó gbọ́ Yorùbá. Ìyá ìyá ẹ̀, ará Kétu ni. Ó kí wa, ó wo ojú ọ̀kan, ó wo ojú ìkejì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó dáadáa o. Bí ẹ bá ń bínú síra yín, ọkọ̀ á mọ̀." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Adágún yẹn fẹ̀. Ọyẹ́ bò ó, èèyàn ò lè sọ ibi tí omi parí sí tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń lọ la rí i tí wọ́n ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi, lọ́pọ̀lọpọ̀, bí igbó tó rì. A rò pé ọgbà ni. Atukọ̀ ní ọgbà náà ni lóòótọ́: acadja lorúkọ ẹ̀. Wọ́n á ri ẹ̀ka sínú ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀ka á máa rà, ẹja á wá jẹun níbẹ̀, wọ́n á fi ibẹ̀ ṣe ilé, wọ́n á bímọ síbẹ̀. Tó bá di oṣù mélòó kan, wọ́n á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á yọ ẹ̀ka kúrò, wọ́n á kó ẹja. Epìyà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Acadja kọ̀ọ̀kan ló ní olówó. Èèyàn máa ń jogún ẹ̀ bí a ṣe ń jogún ilẹ̀, wọ́n sì máa ń jà lé e lórí bí a ṣe ń jà lé ilẹ̀. Ìgbà tó sọ ìyẹn la gbà pé ìlú gidi ni à ń lọ.

Ó sọ ìtàn ìlú náà fún wa bó ṣe ń wa ọkọ̀. Nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, àwọn ọba Dàhómì ń kó ẹrú. Wọ́n gba Ouidah létí òkun lọ́dún 1727, àwọn òyìnbó ń dúró dè wọ́n níbẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀. Abúlé tí wọ́n bá ya wọ̀ lóru, ó di ahoro. Àwọn Tofin, àwọn baba ńlá ẹ̀, kò lágbára láti bá wọn jà. Omi ni wọ́n sá sí, torí pé èèwọ̀ ni, wọ́n ní, fún jagunjagun Dàhómì láti jà lórí omi. Ọba wọn ló kọ́kọ́ di lékèélékèé, ó fò yí adágún ká títí ó fi rí ibi tí kò jìn. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀nì, ó sì kó àwọn èèyàn rẹ̀ débẹ̀. Ganvié, ìtumọ̀ ẹ̀ ni àwọn tó là, àwọn tó bọ́.

Lékèélékèé! Ẹyẹ tí gbogbo wa na ìka sí ní kékeré nítorí èékánná funfun. A bojú wo ara wa lẹ́ẹ̀kan, a tún gbójú kúrò.

Ọ̀kan nínú wa fẹ́ràn ìtàn, kò sì lè dákẹ́. Ó bi atukọ̀ pé ṣé ó mọ̀ pé Ọ̀yọ́ gan-an ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ Dàhómì fún ọ̀pọ̀ ọdún nígbà yẹn, títí ọba Gezo fi kọ̀ ọ́ ní nǹkan bí 1823? Ọ̀yọ́ náà ń ta èèyàn gba Àjàṣẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́ fọ́, àwọn tó ń sá fún ogun ló kún Ìbàdàn, kò sì pẹ́ tí Ìbàdàn náà fi di ìlú tó ń kó àwọn ẹlòmíràn lẹ́rú. Atukọ̀ mọ̀ jù wá lọ. Ó ní Dàhómì gbógun lọ bá Abẹ́òkúta ní 1851 àti ní 1864, wọ́n lé wọn padà nígbà méjèèjì. Ó ní ní 1886, wọ́n tú Kétu, ìlú ìyá ìyá òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

A dákẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. A ò mọ ibi tí àwa ọmọ Ìbàdàn á jókòó sí nínú ìtàn náà. Ọmọ ẹni tó sá ni wá, ọmọ ẹni tó ń lé ni wá. Nínú ọkọ̀ náà gan-an, ọ̀kan nínú wa rò pé òun ni wọ́n ń sá fún.

Ganvié yọ láti inú ọyẹ́. Ilé lórí òpó, òmíràn lókè bíi gíga èèyàn méjì, onípákó, onípáànù, ọ̀dà búlúù, ọ̀dà pupa tó ti ṣá. Omi ni títì, omi ni gbàgede. Ọmọ kan tí kò lè ju ọdún mẹ́fà lọ wa ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wa, àbúrò ẹ̀ wà ní ìdí ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì. Ilé ẹ̀kọ́ wà, ṣọ́ọ̀ṣì wà, mọ́sáláṣí wà, onígbàjámọ̀ wà. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí a fẹ́ ya fọ́tò, ìyá kan fa àkẹtẹ̀ ẹ̀ bojú, òmíràn kọ ẹ̀yìn sí wa. Atukọ̀ ní kí a gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ máa fẹ́ kí àlejò máa ya yín ní Ìbàdàn bí ẹ bá ń fọ abọ́?" Ojú tì wá. A fi fóònù sápò, a ò tún yọ ọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi sí fọ́tò kankan nínú ìtàn yìí.

Ohun tó yà wá lẹ́nu jù ni ìlà àwọn ọkọ̀ níwájú ibì kan, obìnrin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ẹ̀gì àti ike ńlá níwájú wọn. Omi ni wọ́n ń tò fún. Kànga ẹ̀rọ ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ra omi mímu. Ẹni tí omi yí ká láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, owó ló fi ń ra omi. Àwa tí à ń ra tánkà ní Mọ́níyà lóṣù Kejì ọdún mọ bó ṣe ń rí.

Ọjà náà, orí omi ló wà. Tòmátò, ata, ẹ̀kọ, ẹja yíyan, kálukú nínú ọkọ̀ ẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ di ọkọ̀ ara wọn mú nígbà tí wọ́n bá ń nájà. A rò nípa Fẹ́nísì níbẹ̀. Òun náà, àwọn tó sá fún ogun lórí ilẹ̀ ló lọ tẹ̀ ẹ́ dó sínú ọ̀sà, wọ́n ri òpó igi mọ́ inú ẹrẹ̀, wọ́n kọ́lé lé e. Títí dé ibẹ̀, orúkọ ìnagijẹ yẹn bá a mu. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ìlú àtijọ́ Fẹ́nísì kò tó 50,000 mọ́, àlejò ló kún ibẹ̀, débi pé ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò márùn-ún lọ́wọ́ ẹni tó bá wá fún ọjọ́ kan láwọn ọjọ́ tí èrò pọ̀. Ní Ganvié, ọmọ wẹ́wẹ́ ló kún ojú omi. Àwa méjì péré ni àlejò tí a rí láàárọ̀ yẹn.

Bí atukọ̀ ṣe yà sí ojú omi kan báyìí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tó dákẹ́, ó ní, "Ibí ni wọ́n ń pè ní Rue des Amoureux." A ò gbọ́ Faransé. Ó túmọ̀ ẹ̀: ọ̀nà àwọn olólùfẹ́. Ó ní ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ máa ń wa ọkọ̀ wá nírọ̀lẹ́. Ó wá dúró, ó gbé ọ̀pá ẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tó ń retí pé ká dì mọ́ ara wa.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kan ló gba wá lọ́wọ́ ìtìjú. Ó sáré kọjá ní ẹnu ọ̀nà omi náà, ìgbì ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé wá, ó gbé ọkọ̀ wa, ó tún ju ú sílẹ̀. Omi bù sínú. Kò tó nǹkan, àwọn ọmọ tó wà nítòsí ò tiẹ̀ yíjú wò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wa ti di ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún padà, ó ti wà lórí àjà ní Àpẹ́tẹ́. Ó ń mí bí ẹni tó ń sáré. Ìkejì yíjú padà láìronú, ó fi eékún rìn wá láti iwájú ọkọ̀, ó di ọwọ́ méjèèjì ẹ̀ mú, ó ń sọ nǹkan tó máa ń sọ lóru tí òjò bá ń rọ̀: "Ilẹ̀ gbẹ. Mo ti wò ó. Ilẹ̀ gbẹ." Orí omi la wà o. Ilẹ̀ kankan ò gbẹ níbẹ̀. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yé wa, ẹ̀rín bú wa, ẹkún náà sì wà nínú ẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn la tó lè sọ̀rọ̀. Ó ní láti 2011 ni òun kò ti gbà gbọ́ pé ilé kankan máa dúró. Ó ní tí òun bá ti rí ibi tó dára, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí òun lọ́kàn ni ibi tí òun máa gbà jáde. Kò kọ orúkọ ìkejì sí fọ́ọ̀mù torí pé owó fọ́ọ̀mù ẹnì kan ló ní, kò sì sọ torí pé ó rò pé wọn ò ní gbà á. Ìkejì ní òun kò bínú nítorí Kánádà. Òun ń bínú torí pé òun wà nínú ilé náà, ẹnì kan sì ti ń wo ẹnu ọ̀nà.

Atukọ̀ ń wo ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Nígbà tó yá, ó tọ́ka sí ilé kan, ọkọ̀ mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó ní bó ṣe máa ń rí níbí nìyẹn, ọkọ̀ bàbá tó fi ń pẹja, ọkọ̀ ìyá tó fi ń tajà, ọkọ̀ àwọn ọmọ tí wọ́n fi ń lọ sílé ìwé.

"Ṣé o rí i?" ni ẹni lẹ́tà Kánádà wí. "Kálukú ló ní ọkọ̀ tiẹ̀."

"Mo rí i. Ìdí òpó kan náà ni wọ́n so wọ́n mọ́."

"Wọ́n á kọ́kọ́ lọ ná."

Ebi ń pa wá. A ra ẹja yíyan lọ́wọ́ ìyá tó fi àkẹtẹ̀ bojú lẹ́ẹ̀kan. Ó ta á wọ́n fún wa, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Atukọ̀ ní àbúrò òun méjì wà ní Mákòko, ọ̀kan wà ní Libreville, òun nìkan ló kù sílé. A bi í pé ṣé inú ẹ̀ dùn sí i. Ó ní wọ́n ń fi owó ránṣẹ́. Ó wa ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó tún ní, ṣùgbọ́n nígbà tí òpó kan jẹrà nínú ilé bàbá àwọn lọ́dún tó kọjá, òun nìkan ló wà nínú omi tó ń pààrọ̀ ẹ̀.

A sùn ní Kútọnu lálẹ́ kan sí i, a padà gba Sẹ̀mẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ ní Èkó. Òórùn ẹja yíyan gba gbogbo kóòṣì. Bàbá kan tó jókòó lẹ́yìn wa ní Abẹ́òkúta bi wá bóyá a lè ta díẹ̀ fún òun. A fún un ní ẹyọ kan, ó súre fún wa pé a ò ní ya ara wa. Àwa méjèèjì ṣe àmín, ẹnì kan yára ṣe é ju ẹnì kejì lọ.

Ẹ̀yìn tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè la ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò. Owó ilé ìwé, owó ọkọ̀ òfuurufú, iye tí wọ́n máa fẹ́ rí nínú báǹkì, iye tí èsúsú wa kù sí lẹ́yìn Kútọnu. Ọ̀kan ṣírò ti ẹnì kan, ìkejì ṣírò ti ẹni méjì. Èkíní kò ṣeé ṣe. Èkejì kò ṣeé sọ. Nígbà tí a dé Mọ́níyà, iná ti lọ, ọlọ́kadà ní ká fún òun ní owó méjì nítorí ẹja tó ń rùn.

Oṣù kan ti kọjá. Òjò àìròtẹ́lẹ̀ kan rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, lóru. Àwa méjèèjì la dìde lọ fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ pálọ̀ wò. Lẹ́tà náà ṣì wà nínú fóònù, ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ èsì.